Ẹ̀sùn Tí Mo Fi Kan Ìyàwó Mi Lórí Jíà

Èmi gan-an ni mo kọ́ ìyàwó mi ní ọkọ̀ wíwà, lọ́dún tí mo jáde yunifásítì, nígbà tí igbó ṣì pọ̀ ju ilé lọ ní Ìgándò. Ìdí nìyẹn tí ojú ọ̀rọ̀ yìí fi ń tì mí.

Ọkọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í dún "gbò!" nígbàkígbà tí a bá fi sí jíà. Mo ní ìyàwó mi ló ń fi ipá ti jíà títí ó fi bà á jẹ́, mo sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù kan gbáko ló fi wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń fi ẹsẹ̀ lásán rin òkúta láti oríta, torí pé ìjọ aláṣọ funfun la wà, a kì í wọ bàtà sí sùtánà.

Nígbà tó yá, a jọ lọ bá mẹkáníìkì wa ní Ìdímù. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní kí n tẹ búrèkì, kí n fi sí jíà. Ẹ́ńjìnnì fò sókè: "gbò!"

"Bàbá, jíà kọ́. Rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé ló já. Ṣebí mo sọ fún yín lọ́dún tó kọjá, tí ẹ ní ká ṣì máa mánéèjì ẹ̀?"

Òótọ́ ni. Nígbà tó pààrọ̀ rọ́bà tán, mo na kọ́kọ́rọ́ sí ìyàwó mi, mo ní kó má bínú.

"Ẹ máa wà á lọ, jàre," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ lọ yunifásítì."

Ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó wọlé jókòó.