Ihò Mẹ́rin Lára Ilẹ̀kùn

Ẹ jókòó, ó di dandan kẹ́ ẹ gbọ́ èyí! Káfíńtà kan wà ní yunifásítì wa, Bàbá Onílẹ̀kùn la máa ń pè é. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Etí lásán ló fi ń mọ ilẹ̀kùn. Bí ọ̀kan bá dún lókèèrè, á ní, "Ti ilé ìkàwé nìyẹn, epo ló ń bẹ̀bẹ̀ fún."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń tún fèrèsé ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn olùkọ́ nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan sáré jáde láti yàrá olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́. Bàbá fi àpótí irinṣẹ́ ṣe àga fún un.

"Bàbá, ó fi ìkọ́ há ilẹ̀kùn láti inú, ó wá dì mọ́ mi. Ó ní bí mi ò bá gbà fún òun, mi ò ní gboyè láéláé."

"Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ, ọmọ mi."

Àmọ́ bàbá yíjú sí ilẹ̀kùn náà. Ìkọ́ kẹ̀? Òun fúnra rẹ̀ ló kàn án lọ́dún méjì sẹ́yìn! Olùkọ́ náà ní atẹ́gùn ń ṣí ilẹ̀kùn òun. Kò sí ìwé àṣẹ kankan, bàbá ò sì béèrè.

Ọmọ náà fẹjọ́ sun ìgbìmọ̀. Olùkọ́ rẹ́rìn-ín: "Ìkọ́ wo?" Wọ́n lọ wò ó, wọn ò rí nǹkan kan àfi ọ̀dà tuntun tó ń dán. Bí wọn ò bá rí ẹ̀rí títí di ọjọ́ Ẹtì, ẹjọ́ parí nìyẹn, ọmọ á sì padà sábẹ́ ọkùnrin yẹn.

Bàbá ròyìn ọ̀rọ̀ náà nílé. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ ni, gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Bàbá àwọn ọmọ, oṣù mẹ́rin ló kù kó o fẹ̀yìn tì. Bó o bá jẹ́wọ́, wọ́n lè lé ẹ o."

"Ṣé kí n wá fi ẹnu mi há ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́ẹ̀kejì ni?"

Ìyá mú abẹ́rẹ́ rẹ̀ padà. Ó ní, "Ó dáa. Wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́. Má lọ fi eruku pákó jẹ́rìí."

Ọjọ́ Ẹtì pé. Bàbá tú ilẹ̀kùn náà kúrò lára férémù, ó gbé e rù, ó di iwájú ìgbìmọ̀. Ta ló ń bi káfíńtà tó ru ilẹ̀kùn pé níbo ló ń lọ?

Alága, ìyá kan tó fi awò sójú, fò dìde. "Bàbá, ṣé ilẹ̀kùn la ránṣẹ́ pè ni àbí ẹlẹ́rìí?"

"Àwọn méjèèjì ló dé yìí, mà."

Ó fi èékánná họ ọ̀dà. Ọṣẹ gbígbẹ tí olùkọ́ fi dí ojú ìkọ́ tó yọ já bọ́, ihò ìṣó mẹ́rin yọjú! Ó fa ìkọ́ kan yọ lápò, èyí tó ṣẹ́ kù nínú méjì tó rà nígbà yẹn. Ó gbé e lé e, ihò bá ihò mu gẹ́lẹ́.

"Èmi ni mo kàn án, mi ò gbàṣẹ. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Ohun tó fi ṣe, tirẹ̀ ni."

Olùkọ́ ń wo bàtà ara rẹ̀.

Wọ́n lé e dànù! Olùkọ́ mìíràn gba iṣẹ́ ọmọ náà, ó sì ti gboyè. Bàbá gba ìwé ìkìlọ̀, wọ́n sì ní kó fi gíláàsì sójú gbogbo ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ṣe gbogbo rẹ̀. Ihò mẹ́rin yẹn nìkan ni kò gbà láti dí.

Ẹ má gba tèmi gbọ́ o. Àjà kejì, yàrá kẹtàdínlógún: ẹ lọ fi ìka yín kàn án.