Wọ́n Ní Mo Ti Di Awòràwọ̀

Lọ́dún tí mo ti òkè òkun wá ṣe Iléyá ní Ṣakí, bàbá mi fajú ro sí mi. Àwọn kan ti sọ fún wọn ní mọ́ṣáláṣí pé iṣẹ́ awòràwọ̀ ni mo lọ kọ́, bíi ti àwọn tó ń wo ìràwọ̀ sọ àyànmọ́ fún èèyàn. Àáfà sì ti wàásù pé èèwọ̀ ni.

Inú bí mi. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ rántí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ya àwòrán àyà yín ní ọsibítù? Irú ìmọ́lẹ̀ tó la ara yín kọjá yẹn náà ń ti ojú sánmà wá, òun ni mo ń kọ́ nípa rẹ̀. Ohun ńlá kan wà láàárín agbo ìràwọ̀ wa, tó ń gbé gbogbo ohun tó bá sún mọ́ ọn mì; àwọn ohun náà a sì máa tan irú ìmọ́lẹ̀ yẹn kí ó tó gbé wọn mì. Eruku bò ó bí ọyẹ́ ṣe ń bo òkè wa. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ló ń la eruku náà kọjá tí a fi mọ̀ pé ó wà níbẹ̀."

Wọ́n bi mí pé, "Ṣé ó máa ń sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́la?"

"Rárá, Bàbá. Ibẹ̀ jìnnà débi pé kí ìmọ́lẹ̀ náà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ohun tó ń fi hàn wá ti ṣẹlẹ̀ tipẹ́tipẹ́, kí wọ́n tó tẹ Ṣakí dó."

Bàbá mi mí kanlẹ̀, ojú wọn sì túraká. "Ìtàn lo ń kọ́ nígbà náà. Kí ló dé tí o ò tètè sọ?" Wọ́n ní kí wọ́n gbé iyán wá. Mo fẹ́ jiyàn, ṣùgbọ́n ebi ń pa mí.

Lọ́jọ́ Iléyá, àáfà, tó ti gbọ́ pé ìtàn ni mo ń kọ́, dá mi dúró ní Yídì, ó bi mí pé ọba wo ló kọ́kọ́ jẹ ní Ṣakí. Kí n tó lanu, bàbá mi ti dá a lóhùn.

"Àáfà, ìtàn tó ṣáájú ọba ló ń kọ́."