Ta Ló Fọ Yanrìn Kúrò Nínú Ìlù?

Ohùn ìlù kan wà tó jẹ́ pé bó bá dún, ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn fi bàtà tẹ yanrìn mọ́ sìmẹ́ńtì: gbì, pẹ̀lú rúnrún díẹ̀ tó ń wọ́ tẹ̀lé e lẹ́yìn. Inú àpótí aláwọ̀ eérú kan ló ti ń jáde, àpótí tó ní bọ́tìnnì ńláńlá mẹ́jọ níwájú àti ojú kékeré kan tí iná ń tàn nínú rẹ̀. Ohùn tó o bá gbé sínú àpótí náà, ì báà ṣe ti ilẹ̀kùn tí wọ́n tì gbàgà, yóò gbé e mì. Bó o bá wá tẹ bọ́tìnnì, á bì í padà fún ọ. Ṣùgbọ́n bó ṣe gbé e mì kọ́ ló ṣe ń bì í. Wọ́n ní ikùn rẹ̀ kéré, eyín rẹ̀ ò mú, ohùn náà á ti fọ́ díẹ̀díẹ̀ létí kó tó jáde. Fífọ́ yẹn gan-an ni adùn rẹ̀! Ẹni tó bá ti gbọ́ ọ rí, ìlù kedere tí kọ̀ǹpútà ń lù lóde òní á máa dà bí ọbẹ̀ tí wọ́n gbàgbé iyọ̀ sí.

Ọkùnrin tó ni àpótí yìí, Oníyanrìn ni gbogbo olórin ń pè é nítorí ohùn náà. Ìyàwó rẹ̀ ń pè é ní Bàbá Ìbejì. Ó ti lé díẹ̀ lẹ́ni àádọ́ta ọdún. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ aránṣọ, iyàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ìyàwó ni ọkọ sì ti ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ìyàwó ṣe ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ níwájú, bẹ́ẹ̀ ni ìka ọkọ ń tẹ bọ́tìnnì lẹ́yìn. Olórin tó bá fẹ́ ìlù sábẹ́ orin rẹ̀, ibẹ̀ ló ń gbà.

Nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe àdàkọ kásẹ́ẹ̀tì ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ra àpótí náà, kò mọ̀ ọ́n lò, lọ́jọ́ tí ṣọ́ọ̀bù kógbá wọlé ó fi í ta á lọ́rẹ, ó sì fi ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kan lé e, irú èyí tó ń sáré ní ìlọ́po méjì kí àdàkọ lè tètè parí. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọmọkùnrin náà fi ìkúùkù lu àpótí aṣọ ìyá rẹ̀, tó fi sísọ́ọ̀sì na tábìlì, tó ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ gbàgà títí ìyá rẹ̀ fi bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Ó gba gbogbo rẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Láti orí kásẹ́ẹ̀tì ló ti gbé ohùn mẹ́jọ sínú àpótí, àwọn ló sì di ìlù rẹ̀ títí dòní. Bó ṣe gbé wọn wọlé, kò fi han ẹnikẹ́ni rí. Bó bá fẹ́ gbé ohùn wọlé, á kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn.

Bó ṣe rí nìyẹn. Bí èèyàn bá kí Oníyanrìn pé ẹ káàárọ̀, á kọ́kọ́ ro ohun tí onítọ̀hún fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun kó tó dáhùn.

Ó wá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan pé iná jó ẹ̀yìn àpótí náà, àpótí dákẹ́. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń gbé rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tó bà jẹ́ lọ fún, Dókítà Wáyà ni wọ́n ń pè é. Oníyanrìn gbé àpótí sínú àpò rẹ̀, ó gbé e lọ fún un. Dókítà ní ọjọ́ mẹ́ta. Ó di ọjọ́ mẹ́sàn-án kó tó gbé e dé. Ó ní iná ti padà, ó sì na díìsìkì tuntun kan sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, páálí pẹlẹbẹ onígun mẹ́rin tí àpótí náà ń fi ohùn rẹ̀ pamọ́ sí, torí bí wọ́n bá pa iná, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń gbàgbé. Ó ní ti àtijọ́ ti bu, òun ti gbé àwọn ohùn náà sórí tuntun. Ó ṣe bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó lọ.

Oníyanrìn tan àpótí, ó ki díìsìkì bọ̀ ọ́, ó tẹ bọ́tìnnì àkọ́kọ́.

Ohùn tó jáde mọ́ tónítóní bí ọmọléèwé láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè. Àpótí aṣọ ìyá rẹ̀ ni lóòótọ́, ìkúùkù rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sí yanrìn kankan nínú rẹ̀. Ó tẹ èkejì, ó tẹ ẹ̀kẹta, ó tẹ gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Wọ́n ti wẹ̀ tán, wọ́n ti pa òróró.

Ó yí àpótí dojú bolẹ̀. Ìdè onírin tín-ín-rín mẹ́rin tí wọ́n ń yí wọlé ló wà nídìí rẹ̀. Mẹ́ta ti dípẹtà pọ́n, ọ̀kan ń dán. Ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Onígíláàsì, tó máa ń lọ káàkiri ra ẹ̀yà inú ẹ̀rọ àtijọ́, pàápàá ẹ̀yà dúdú pẹlẹbẹ tí ohùn ń gbà kọjá, níbi tí Oníyanrìn gbà pé yanrìn ń gbé. Ṣebí òun fojú ara òun rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá tó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Dókítà, tí wọ́n jọ ń yẹ nǹkan kan wò nínú bébà? Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ìdè tó ń dán. Ẹ̀rín músẹ́. Oníyanrìn so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ó rí olè.

Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń pe àna rẹ̀ lólè? Ó gba ẹ̀gbẹ́ wọlé sí ìyàwó rẹ̀, ó béèrè bóyá àbúrò rẹ̀ ra nǹkan tuntun kan láìpẹ́ yìí. Ìyàwó ní kó sọ èyí tó fẹ́ sọ. Ó sọ ọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.

"Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ dáadáa, Bàbá Ìbejì. Àbúrò mi lẹ ń pè lólè?"

"N ò pe ẹnì kankan lólè. Mo ní ìlù mi mọ́ jù ni."

"Ìlù mọ́, ó dẹjọ́. Ṣé ẹ ti rí i rí kí n rán aṣọ tó mọ́, kí n sì bínú?" Ó fa òwú já. "Ẹyin lohùn. Àna yín ni. Bí ẹ bá sọ ọ́ tán tí kò rí bẹ́ẹ̀, kò sí abẹ́rẹ́ tí mo ní tó lè rán an."

Oníyanrìn padà sẹ́yìn, ó tú ìdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní àmì kan tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni: lọ́jọ́ tí àpótí di tirẹ̀, ó jí kútẹ́ẹ̀sì pupa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ó sì kán bín-ín-tín sórí ẹ̀yà dúdú náà. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Àmì náà wà níbẹ̀, pupa, kò ju hóró ìrẹsì lọ.

Ẹlòmíì á dúpẹ́, á de àpótí rẹ̀ padà. Oníyanrìn jókòó, ó rò ó wò pé kútẹ́ẹ̀sì kò wọ́n lọ́jà, olè náà lè kán tirẹ̀. Ó dìde, ó lọ béèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ bóyá àbúrò rẹ̀ yá kútẹ́ẹ̀sì pupa lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Ìyàwó wò ó títí òwú fi yọ lójú abẹ́rẹ́. Ó mú fóònù rẹ̀, ó bọ́ síta.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni Ìyá Olórin gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù dé. Àgbàlagbà akọrin ni, ogún ọdún sẹ́yìn ló ti fi ìlù Oníyanrìn kọ orin tó dùn jù lọ nínú orin rẹ̀, ó wá fẹ́ tún un kọ báyìí, pẹ̀lú ìlù yẹn gan-an. Ó ní kí wọ́n lù ú kóun gbọ́. Wọ́n lù ú. Ó pa ojú dé, ó là á.

"Ta ló fọ yanrìn kúrò nínú ìlù yìí?"

Oníyanrìn ní ẹ̀rọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé ni. Ìyá Olórin ní òun á padà wá lọ́la ní aago mẹ́rin. Bí ó bá ṣì rí báyìí, òun á gbé orin òun lọ fún àwọn ọmọ tó ń fi kọ̀ǹpútà lu ìlù, torí tiwọn náà mọ́, wọn ò sì ní kí òun gun àtẹ̀gùn.

Ó ti wá di ẹ̀rí báyìí. Etí òun nìkan kọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Oníyanrìn gbé àpótí há abíyá, ó gba ẹ̀yìn ilé jáde kí ìyàwó má baà rí i.

Ṣọ́ọ̀bù Dókítà kún fún tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti tú ẹ̀yìn wọn. Ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbọn eruku orí àga fún un. Oníyanrìn ò jókòó.

"Ohùn tó wà nínú ẹ̀rọ yìí, kì í ṣe ohùn mi."

Dókítà fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀. Oníyanrìn na ọrùn, ó ń retí ẹ̀yà dúdú tí wọ́n wé sínú bébà. Kásẹ́ẹ̀tì ni Dókítà mú jáde, kásẹ́ẹ̀tì ìjọ́sí, tó ti ń gbé inú àpò ẹ̀rọ náà láti ọdún tó pẹ́.

Ó wá ṣàlàyé. Díìsìkì àtijọ́ ti bu débi pé kò ṣeé kà mọ́. Ẹ̀rù bà á láti sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ìlù rẹ̀ ti kú. Ó gbọn àpò ẹ̀rọ wò, ó rí kásẹ́ẹ̀tì náà. Díìsìkì tuntun tí ẹnikẹ́ni ò tà mọ́, ọwọ́ Onígíláàsì ló ti bẹ̀bẹ̀ rí ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi ṣa ohùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó gé ìrù wọn kí ikùn àpótí lè gbà wọ́n.

"Mo gbé wọn wọlé láìsí ariwo kankan. Mo rò pé inú yín á dùn."

Oníyanrìn tẹjú mọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà. "Ṣé bí kásẹ́ẹ̀tì ṣe máa ń lọ jẹ́jẹ́ lo ṣe gbé e wọlé?"

"Báwo ni ì bá tún ṣe máa lọ, ẹ̀gbọ́n?"

Ìgbà yẹn ni nǹkan là sí Oníyanrìn lójú. Ikùn àpótí náà ò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Nígbà èwe rẹ̀, kí ohùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lè wọlé pẹ̀lú ìrù wọn, ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì oníyára ló fi mú wọn sáré. Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ á há, á rí tín-ín-rín bí ohùn ẹ̀fọn, á gba ìdajì àyè. Tó bá ti wọlé, á wá fà á walẹ̀ nínú àpótí títí yóò fi padà di ilẹ̀kùn. Bó ṣe ń fà á ló ń ya, ibi tó ti ń ya ni yanrìn ń gbà wọlé! Ọgbọ̀n ọdún ló fi gbà pé inú ẹ̀yà dúdú ni yanrìn ń gbé, pé àyè lásán ni eré sísá yẹn ń dá sí. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. Torí ilẹ̀kùn tó ń tì, kò sí ẹlòmíì tó lè mọ̀ ọ́n náà.

Ó ṣàlàyé fún Dókítà. Dókítà gbọ́ ọ tán, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Àǹtí mi pè mí lánàá," ló wí. "Ó bi mí bóyá mo ń kun kútẹ́ẹ̀sì." Kò rẹ́rìn-ín.

Oníyanrìn wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní kó má bínú, ohùn rẹ̀ kéré. Lẹ́yìn náà ó ní kó ti ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n jọ lọ sílé, kó wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ohùn wọlé ní iyàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Ìyàwó ń gbọ́ ọ láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ: wín-ín, wín-ín, lẹ́yìn náà gbì. Nígbà tí Ìyá Olórin dé ní aago mẹ́rin, kò jókòó rárá. Ó gbọ́ gbì kan, ó ní kí wọ́n fún òun ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Dókítà ṣì ń tún nǹkan ṣe fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gba ohunkóhun sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n gbọ́dọ̀ jókòó tì í kó na àtẹ́lẹwọ́, Dókítà á wá máa ka ìdè sí i níkọ̀ọ̀kan: "Ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n. Méjì, ẹ̀gbọ́n." Bí àwọn tó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù bá rẹ́rìn-ín, Oníyanrìn náà á rín in. Dókítà ní tirẹ̀ á máa kà lọ.

Nígbà tí wọ́n tún ṣí àpótí eérú náà kẹ́yìn, mẹ́rin pé sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Mẹ́ta pọ́n, ọ̀kan ń dán. Oníyanrìn wo èyí tó ń dán. Ó la ẹnu, ó rántí abẹ́rẹ́ ìyàwó rẹ̀, ó pa ẹnu dé.