Àbẹ̀kẹ́ àti Àwo Ìyá Múfú

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láìpẹ́ yìí, kí olùkọ́ tó wọlé sí kíláàsì alẹ́ tí àwa àgbàlagbà ń lọ, obìnrin kan nínú wa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tẹ́ ọmọ rẹ̀ sórí itan, ó ká àtẹ́lẹwọ́ òsì mọ́ ẹnu ọmọ náà bí ẹni gbẹ́ kòtò kékeré, ó sì ń fi ọwọ́ ọ̀tún da ògì sínú kòtò náà. Ọmọ náà ń jà, ó ń húkọ́, ó sì ń gbé e mì gbìn-gbìn. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ìró yẹn ni ìwé tí mo ṣí sílẹ̀ kò ti yé mi mọ́. N kò dá obìnrin náà lẹ́jọ́, nítorí n kò mọ ohun tó ń bá a fínra nílé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi ṣíbí oníke bọ́ ọmọ lè má rí irú rẹ̀ rí. Rírọ ọmọ ni à ń pè é. Ọ̀nà yẹn náà ni Màmá mi gbà bọ́ Àbẹ̀kẹ́, àbúrò mi, nígbà tí à ń gbé ní Agbowó ní àárín àwọn ọdún 1990.

Yàrá ilé wa tò ní ẹ̀gbẹ́ méjì, ilẹ̀kùn dojú kọ ilẹ̀kùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tó ṣókùnkùn sì là wọ́n láàárín. Ibẹ̀ ni sítóòfù gbogbo wa wà. Olúkúlùkù mọ ohun tí ẹnìkejì ń sè láti inú òórùn rẹ̀, síbẹ̀ olúkúlùkù a máa dé ìkòkò rẹ̀ pinpin. Màmá tilẹ̀ máa ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ wọ yàrá bí wọ́n bá fẹ́ lọ pọn omi lásán. Kì í ṣe pé à ń bá ẹnikẹ́ni jà. A jọ ń rẹ́rìn-ín, a sì ń yá ara wa ní ìṣáná àti ìgbálẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìlọrin ni Bàbá wa ti ń ṣiṣẹ́, ìparí oṣù ni wọ́n ń wálé, Màmá nìkan ló sì ń ṣọ́ wa. Òfin wọn àkọ́kọ́ ni pé a kò gbọdọ̀ gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ilé náà.

Àbẹ̀kẹ́ ti ń sáré kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà yẹn, ó sì ti ní eyín tó pọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ògì tó jọ̀lọ̀ nìkan ló ń gbé mì. Bí ògì náà bá dì ní kókó kan péré, tàbí tí hóró ìrẹsì kan bá kan ahọ́n rẹ̀, ojú rẹ̀ a pọ́n, ọrùn rẹ̀ a nà, gbogbo ohun tó ti mu láti àárọ̀ a sì padà sórí aṣọ Màmá. Bí a bá fi búrẹ́dì lé e lọ́wọ́, ó máa ń wò ó bí ẹni tí wọ́n fún ní aláǹgbá, ó sì máa ń jù ú nù.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì gbé e kọ́ sórí òṣùwọ̀n tó ń mì dìrọ̀-dìrọ̀. Ó wo òṣùwọ̀n, ó wo Màmá.

“Màmá, ọmọ yìí ń fọn sí i o. Ẹ yéé rọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó máa fọwọ́ ara rẹ̀ mú nǹkan jẹ. Tó bá tún fọn ju báyìí lọ nígbà tẹ́ ẹ bá padà wá, a máa dá a dúró síbí ni.”

Màmá mirí, wọ́n dúpẹ́. Nígbà tí a délé, wọ́n tún rọ ọ́. Ọmọ tí kì í jẹ ohun mìíràn, kí ni wọn ì bá ṣe?

Ẹ̀gbọ́n Màmá wá láti Oníreke, wọ́n sì dá kún ìṣòro náà. “Ọmọ tó léyín tí kò jẹun! Ta ló ń fún un ní nǹkan nínú ilé yìí?” Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Múfú, onídìrí, ló ń gbé yàrá tó dojú kọ tiwa. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, a wá Àbẹ̀kẹ́ títí, orí ẹní Ìyá Múfú ni a ti bá a, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Múfú tó fi díẹ̀ jù ú lọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó pọ́n, tí wọ́n sè, ti sọ ọwọ́ Àbẹ̀kẹ́ méjèèjì di yẹ́lò.

“Ìyá Múfú, kí lẹ fún ọmọ mi?”

“Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, Aládùúrà. Kò tiẹ̀ jẹ ẹ́, ó ń fi ṣeré ni.” Nítorí aṣọ funfun tí Màmá ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni Ìyá Múfú, tí í ṣe Mùsùlùmí, ṣe ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

“Ta ló ní kẹ́ ẹ fún un?”

“Ta ló ní kó wọlé wá? Ẹsẹ̀ tó fi ń tọ̀ yín lẹ́yìn náà ló gbé e wá.”

Màmá fọ ọwọ́ ọmọ, wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n tún un fọ̀. Títí di ọjọ́ kejì ni wọ́n fi ń yẹ ìgbẹ́ Àbẹ̀kẹ́ wò bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Wọn kò rí nǹkan. Síbẹ̀ wọ́n ti rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ètè ọmọ náà, kò sì bì. Àwo Ìyá Múfú ń bà wọ́n lẹ́rù, òṣùwọ̀n nọ́ọ̀sì náà ń bà wọ́n lẹ́rù. Níkẹyìn, wọ́n la ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, wọ́n sì ní kí Àbẹ̀kẹ́ máa wá, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, kí Ìyá Múfú sì kọ́kọ́ tọ́ gbogbo ohun tí wọ́n bá fẹ́ fún un wò lójú àwọn. Àṣà wa ni pé kí ẹni tó gbé oúnjẹ kalẹ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ti Màmá kàn le ni.

“Ó dáa,” ni Ìyá Múfú wí. “Tí mo bá sanra, ẹ̀yin lẹ máa ránṣọ tuntun fún mi o.”

Bóyá inú bí wọn ni, n kò lè sọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà wò kì í ṣe kékeré. Wọ́n á gé e jẹ, wọ́n á la ẹnu gbàgà, wọ́n á rún un wómúwómú kí Màmá lè rí i dé ibi eyín ẹ̀yìn pátápátá. Wọ́n á gbé e mì, wọ́n á wá ya ẹnu òfìfo sí ẹnu ọ̀nà wa. “Aládùúrà, ó ti lọ o!” Màmá a sì ṣe bí ẹni tó gbájú mọ́ fífẹ́ èèpo kúrò lára ìrẹsì.

Wọ́n ń wo ara wọn, àwọn méjèèjì kò sì wo Àbẹ̀kẹ́. Èmi ni mo rí i pé ẹnu ọmọ náà, tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ń mì sókè sílẹ̀ bí Ìyá Múfú ṣe ń rún oúnjẹ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ahọ́n. Ó tu ú. Kò sí ẹni tó dì í mú, kò sí ẹni tó kígbe. Ìyá Múfú nù ún lẹ́nu, wọ́n tún gé òmíràn jẹ.

Ní ọjọ́ kan, ọ̀dùnkún rírọ̀ ni wọ́n gbé kalẹ̀. Kí wọ́n tó tọ́ ọ wò, Àbẹ̀kẹ́ ti gbá ègé kan mú, ó ti jù ú sẹ́nu. Màmá fò la ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, wọ́n na ìka láti yọ ọ́ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

“Mi ò tíì tọ́ ọ o!” Ìyá Múfú gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. “Ẹ̀ ń wò mí, mi ò tíì tọ́ ọ!”

Ìka Màmá dúró lófurufú. Ẹnu ọmọ náà ń lọ, ó ń bọ̀, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìrònú. Ó gbé e mì. Ó wá kọjú sí Màmá, ó sì ya ẹnu gbàgà kí wọ́n lè rí i pé kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́.

Màmá wo inú ẹnu náà pẹ́.

“Aládùúrà, ṣé kí n ṣì tọ́ èyí tó kù wò?”

“Ẹ tọ́ ọ wò,” ni Màmá dáhùn, ṣùgbọ́n wọ́n jókòó sí etí ẹní náà kí wọ́n tó sọ ọ́.

Nígbà tí a padà sí ilé ìwòsàn, Àbẹ̀kẹ́ ti wúwo sí i díẹ̀, wọn kò sì dá a dúró. Màmá kò tún rọ ọ́ mọ́. Síbẹ̀, títí a fi kó kúrò ní Agbowó, n kò rí i kí Màmá fúnra wọn jẹun nínú àwo Ìyá Múfú.

Lónìí, ọ̀pọ̀ wa ló ń gbé lẹ́yìn géètì, inú agolo tí a lẹ̀ pa ni oúnjẹ ọmọ ti ń wá, àwọn ọmọ wa kò sì mọ orúkọ ẹni tó ń gbé ní ojúlé kejì. Ìfura kò kúrò. Ara ìdérí agolo ni à ń wò báyìí dípò ojú ènìyàn. N kò bá Màmá wí. Ẹ̀rù ọmọ ló ń bà wọ́n. Ṣùgbọ́n Àbẹ̀kẹ́ kò mọ̀ pé ìfura ni. Ohun tí òun rí kò ju pé àgbàlagbà kan ń fi sùúrù jẹun níwájú òun lójoojúmọ́, tí òmíràn sì dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń ṣọ́ òun.