Bí Ògúnjọbí Ṣe Bá Ọ̀gá Tó Kú Ṣàdéhùn

Bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Ògúnjọbí ní Al Ras, ọjà ilẹ̀ Lárúbáwá, ọ̀sán tó bá òkú dúnàádúrà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ. Ilẹ̀ sàréè Hájì tó ni ilé ẹrù ò tíì gbẹ tí Rasheed ọmọ rẹ̀ fi dé, ó ní khalas, ó ti parí, kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa lọ sílé. Làtífù tó ń di ẹrù Èkó níbẹ̀ mọ̀ pé bí iṣẹ́ bá lọ, físà lọ nìyẹn.

Ògúnjọbí, ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà, ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó wọ yàrá Hájì, ó tilẹ̀kùn, ó jókòó kọjú sí àga òfìfo. Wọ́n ń gbọ́ ohùn rẹ̀ níta: "Ẹ sọ̀rọ̀ sókè díẹ̀, Hájì. Etí mi ti ń di."

Làtífù sún mọ́ ilẹ̀kùn. "Bàbá, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ọ̀gá tó ń lọ. Ṣé èyí tó ń bọ̀ ló máa mọ àdéhùn wa?"

Ìbàdàn ló ti kọ́ ọgbọ́n yìí. Akọ̀wé ìjọba ni kí òmìnira tó dé, òun ló ń tẹ àdéhùn àwọn òṣìṣẹ́ òyìnbó: owó gbà-má-bínú fẹ́ni tó ń lọ, ìsinmi gígùn fẹ́ni tó máa dúró. Kò sí òyìnbó tó jẹ́ kí àsíá wálẹ̀ láìmọ ibi tí ọ̀rọ̀ òun já sí. Àwọn akọ̀wé dúdú ní tiwọn ń pàtẹ́wọ́, wọn ò béèrè nǹkan kan. Lọ́dún 1997, tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi Hong Kong lé Ṣáínà lọ́wọ́, gbogbo ilé tíì ládùúgbò Naif ń wo àwọn ológun lórí tẹlifíṣọ̀n. Ògúnjọbí nìkan ló ń wo ẹ̀yìn wọn: "Àwọn akọ̀wé dà?"

Nígbà tó jáde sí wọn lọ́sàn-án yẹn, òórùn tùràrí Hájì tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò sun tùràrí níbẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú.

"Rasheed, habibi, bàbá yín ní kí gbogbo wa dúró. Wọ́n tún béèrè aago ọwọ́ wọn tẹ́ ẹ jù sínú omi Creek lọ́mọdé, tẹ́ ẹ ní olè ló gbé e."

Rasheed fà sẹ́yìn. "Ta ló sọ fún yín?"

"Ẹ wọlé lọ bi wọ́n. Wọ́n ṣì jókòó."

Rasheed wo ilẹ̀kùn náà títí. Kò wọlé. Físà gbogbo wọn ló tún ṣe.

Ọsibítù kan ní Sharjah ni Ògúnjọbí kú sí. Nígbà tí Làtífù wọlé lọ́jọ́ ìkẹyìn, bàbá ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Làtífù ò rí ẹnì kankan, ṣùgbọ́n fóòmù ibẹ̀ tẹ̀ wọnú, bí ìgbà tí èèyàn jókòó pẹ̀sẹ̀ ń gbọ́ ẹjọ́.

"Làtífù ṣì ń kọ́lé lọ́wọ́," bàbá ń wí. "Ẹ má tíì pè é. Ìyá rẹ̀ náà, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fojú kan ọmọ rẹ̀."

Làtífù sún mọ́ ìrọ̀rí rẹ̀. "Kí ni wọ́n wí, Bàbá?"

"Wọ́n gbà. Tìrẹ ṣì jìnnà."

"Tiyín ńkọ́?"

Bàbá wo ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó wo Làtífù, ẹ̀rín sì rọra gbà á lẹ́nu. "Wò ó, mi ò rántí béèrè."

Làtífù bá a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ bàbá mú, ó kọjú sí ibi tí fóòmù ti tẹ̀ wọnú.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Bàbá wa kì í mu tíì tó bá ti tutù. Ẹ má sì fi wọ́n ṣọ́ ẹnu ọ̀nà mọ́."