Ẹyin Méje Lábẹ́ Àwo

"Jókòó ná kí n rí ẹ."

Ohun tó máa ń sọ nìyẹn lọ́sàn-án, bí mo bá ti ilé ìwé dé. Páànù á ti wà lórí sítóòfù, òróró á ti wà nínú rẹ̀, ẹyin kan á wà nínú abọ́ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ìṣáná á sì wà láàárín ìka rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní ṣá a. Mo lè ti gba géètì wọlé, kí n bọ́ bàtà, kí n fi báàgì kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kí n máa ráhùn ebi, kò ní mira. Àfi ìgbà tí ìdí mi bá kan àga. Ìgbà náà ni màá gbọ́ ìró ìṣáná, kí gáàsì tó ṣe fùú, kí òórùn òróró gbígbóná tó dé imú mi. Á wá fọ́ ẹyin náà létí páànù, ariwo rẹ̀ á sì gba gbogbo ilé ìdáná.

Màmá ilé kejì là ń pè é. Òyìnbó ni, ó ti darúgbó gan-an. Ògiri kan náà ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti ilé wa ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Village, ní Dagenham, níbi tí a kó wá láti gúúsù London nígbà tí mo ṣì kéré. Bó bá húkọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, a ó gbọ́ lọ́dọ̀ wa. Ìyá mi ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó, ṣíìfù ọ̀sán ni wọ́n fún un. Bàbá mi ń wa bọ́ọ̀sì. A ò ní mọ̀lẹ́bí kankan nítòsí. Màmá yìí ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí n máa wá jókòó ti òun títí ìyá mi á fi dé.

Nílé tiwa, ẹni tí kò sí nílé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ṣíbí, ìyá mi á ti bu ti bàbá mi, á da àwo mìíràn dé e lórí, á gbé e síbi tó máa ń jókòó sí. Ó ní ẹni tí oúnjẹ bá ń dúró dè nílé, ilé náà ló máa wá jẹ ẹ́. Kò yé e rárá pé èèyàn mọ ìgbà tí ọmọ ń bọ̀, kó má dín ẹyin sílẹ̀ dè é. Ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gáàsì ni màmá ń ṣọ́.

Nígbà tó yá, wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún màmá. Ó kó kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ fún wa. Lọ́jọ́ tó máa padà láti ilé ìwòsàn, ìyá mi se ìrẹsì àti ọbẹ̀ adìyẹ, ó dín dòdò sí i, a sì gbé e lọ síbẹ̀. Ìyá mi gbé e sórí tábìlì, níwájú àga màmá gan-an, ó da àwo dé e, ó fi ṣíbí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A dúró láti kí i káàbọ̀.

Ó wọlé pẹ̀lú báńdéèjì funfun lójú kan, ó ń rẹ́rìn-ín nítorí dírẹ́bà takisí tó ṣìnà. Ó rí àwo tí a dé náà. Ẹ̀rín náà dá. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú.

"Gbé e kúrò níbẹ̀," ló sọ fún ìyá mi.

Ìyá mi rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. Màmá tún un sọ, ó sì kọjú sí ògiri títí a fi gbé oúnjẹ náà jáde.

Ọ̀rọ̀ náà dun ìyá mi dé egungun. Ẹni tó kọ oúnjẹ èèyàn, èèyàn náà ló kọ̀. Bàbá mi ní kó má bínú, pé ojú ló ń dun màmá.

"Ojú ló ń dùn ún," ni ìyá mi fèsì, "kì í ṣe ẹnu."

Ó ní mi ò ní lọ síbẹ̀ mọ́. Ó bá ẹlòmíràn pààrọ̀ ṣíìfù lọ́sẹ̀ náà, ó sì ń bi àwọn ará ìjọ bóyá ẹnì kan lè máa mú mi lọ́sàn-án. Èmi jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo gbé etí lé ògiri, mò ń retí ìró páànù. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo mọ̀ pé kò ní dáná bí ẹnikẹ́ni ò bá jókòó níwájú rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí pé mo ti pàdánù àga yẹn nìyẹn.

Màmá ló wá kanlẹ̀kùn wa ní Sátidé. Ó kọ̀, kò jókòó. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ rèé, bí mo ṣe rántí rẹ̀:

"Alásè ni mí nígbà ogun àgbáyé kejì, ní pápá bàálù àwọn ológun kan. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni mí. Ẹyin wọ́n nílùú nígbà yẹn, ṣùgbọ́n àwọn tó lọ ju bọ́ǹbù, bí wọ́n bá padà dé, a máa ń fún wọn ní ẹyin kọ̀ọ̀kan. Wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní, 'Bí mi ò bá dé, fún ọ̀rẹ́ mi ní tèmi.' A kì í fọ́ ẹyin títí a ó fi gbọ́ ohùn wọn lẹ́nu ọ̀nà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kùrukùru bolẹ̀. Mo gbọ́ bàálù kan lókè wa, ó ń yí po. Mo mọ ìró rẹ̀, ọmọkùnrin méje ló wà nínú rẹ̀. Mo ní wọ́n ti dé. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi dín ẹyin méjèèje, mo tò wọ́n síbi ìjókòó wọn, mo sì fi àwo bò wọ́n kí wọ́n má bàa tutù. Igi tó wà lópin pápá ni wọ́n kọlù."

Ìyá mi sún mọ́ ọn.

"Àwọn mìíràn bọ́ sínú òkun. Àwọn mìíràn jóná lọ́hùn-ún, a ò rí wọn mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ti délé. Mo gbọ́ wọn."

Ìyá mi béèrè pé, "Màmá, ta ló jẹ àwọn ẹyin náà?"

Màmá ní kò sẹ́ni tó jẹ wọ́n. Wọ́n ní kí òun kó wọn fún ẹlẹ́dẹ̀.

Ìyá mi mi orí. Ó ní lọ́dọ̀ tiwa, a kì í da oúnjẹ òkú nù, ọmọdé la máa ń pè wá jẹ ẹ́, àmín ẹnu wọn á sì bá ẹni tó lọ. Sàráà là ń pè é. Ó ní àwọn ọmọkùnrin yẹn kò tíì jẹ oúnjẹ wọn látọjọ́ yìí.

Màmá ní bóyá wọn ò sí nínú irú ẹ̀sìn bẹ́ẹ̀.

"Ọmọdé kì í bi ẹyin ní ẹ̀sìn," ni ìyá mi dáhùn.

Ní ọ̀sán Sunday, ìyá mi ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ pẹ̀lú sùtánà funfun lọ́rùn, ó sì kó ọmọ àdúgbò jọ sí ilé ìdáná màmá. Èmi náà wà níbẹ̀. Ọmọ Bangladesh kan wà níbẹ̀, àti ọmọbìnrin òyìnbó kan tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká. Méje ni gbogbo wa.

"Ẹ jókòó kí n rí yín," ni màmá wí.

Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣáná. Ó ń dín in níkọ̀ọ̀kan, bó bá sì ti gbé ẹyin kan síwájú ọmọ kan, á pe orúkọ ẹnì kan nínú àwọn ọmọkùnrin inú bàálù náà. Ìyá mi á gbàdúrà ṣókí, a ó ṣe àmín tẹnu-tẹnu, àwọn mìíràn pẹ̀lú ẹyin lẹ́nu. Tèmi ni ti ẹni tó kéré jù nínú wọn, tó ń jókòó sí ìdí bàálù pẹ̀lú ìbọn. Màmá fẹnu sí mi létí, ó ní ọmọkùnrin náà kò fẹ́ràn kí pupa ẹyin le. Mo wo àwo mi. Kò le.

Nígbà tí a jẹ tán, màmá bi ìyá mi bóyá ó lè tún ìrẹsì ọjọ́ yẹn sè fún òun. Ìyá mi lọ sílé, ó bu èyí tó ti sè láàárọ̀, ó gbé e wá bó ṣe máa ń gbé e, àwo lórí àwo. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò mọ̀ bóyá kó wọlé. Màmá na ọwọ́ méjèèjì. Ó gbé e sórí tábìlì fúnra rẹ̀, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i.

Màmá ti kú tipẹ́. Iṣẹ́ ìròyìn gbé mi dé pápá yẹn lẹ́ẹ̀kan. Àlìkámà ni wọ́n gbìn síbẹ̀. Àgbẹ̀ tó ni ilẹ̀ náà sọ fún mi pé, "Bí a bá ti ń túlẹ̀, irin ṣì ń jáde." Mo wo òpin pápá náà. Igi ṣì wà níbẹ̀.

Barking Riverside ni mò ń gbé báyìí, ọmọbìnrin mi sì máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ìrẹsì rẹ̀ á wà lábẹ́ àwo níbi tó máa ń jókòó sí, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Ẹyin rẹ̀ á wà nínú abọ́, lódindi. Màá gbọ́ pé ọkọ̀ ti dé. Mi ò ní tan iná. Màá gbọ́ ẹ̀rọ líìfù tó ń gbé e gòkè. Mi ò ní tan iná. Á ṣílẹ̀kùn, á bọ́ bàtà, á máa ráhùn pé ebi ń pa òun, pé Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ ò tíì dín in.

Màá tọ́ka sí àga.