Aṣọ́nà Àti Yàrá Kẹta

Aṣọ́nà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí òun ló ṣe ètò tó ń ṣọ́ yàrá tútù mẹ́fà tí ilé-iṣẹ́ náà ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé sí. Orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n yá lò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ètò ọ̀hún wà. Bí yàrá kan bá fẹ́ẹ́ móoru, fóònù àwọn ọ̀gá á dún. Oṣù mẹ́jọ ló fi tò ó.

Ni ọ̀gá tuntun bá pè é.

"Yọ gbogbo ẹ̀ kúrò. Ó dún mọ́ mi lọ́wọ́ níwájú àlejò lánàá, ojú tì mí."

"Sà, yàrá kẹta ló ń ké. Ẹ̀rọ ibẹ̀ ti ń kú lọ."

"Ṣé mo bi ọ́ ni?"

Inú bí Aṣọ́nà gan-an. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó pa àwọn ìkìlọ̀ rẹ́, ó pa kọ̀ǹpútà àyálò orí íńtánẹ́ẹ̀tì náà rẹ́. Ó mọ̀ pé bí òun bá dá a dúró síbẹ̀, àwọn ọ̀nà àbáwọlé tí ètò náà ń gbà wọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì yóò ṣì wà ní ṣíṣí fún olè, nítorí náà ó ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìgbà ni ẹ̀rọ ń bi í: ṣé ó dá ọ lójú?

"Kò dá mi lójú, òpònú!" ló jágbe mọ́ ọn, ó sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Ó wá lọ bá ìyá àgbà tó ń tọ́jú oògùn nílé-iṣẹ́ náà.

"Màmá, kò sí ohun tó ń ṣọ́ wọn mọ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa yẹ yàrá kẹta wò láràárọ̀."

"Orí ọ̀gá yín yìí ṣáà pé?"

Àràárọ̀ ni màmá ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ní òru ọjọ́ kẹwàá, ẹ̀rọ náà kú pátápátá; nígbà tí màmá ṣílẹ̀kùn yàrá kẹta láàárọ̀ ọjọ́ kọkànlá, ooru rọ́ lù ú. Gbogbo abẹ́rẹ́ inú yàrá náà ti bàjẹ́. Wọ́n kó wọn dànù, ilé ìwòsàn mẹ́rin tó ń gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ wọn sì dá àwọn ọlọ́mọ padà.

Ọ̀gá sáré dé. "Aṣọ́nà, kí ló dé tí o ò kìlọ̀?"

"Ẹ ní kí n yọ ọ́. Mo yọ ọ́."

"Ó dáa, tún un ṣe."

"Màá tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bá mi dé ilé ìwòsàn, kẹ́ ẹ fẹnu ara yín bá àwọn ìyá yẹn sọ̀rọ̀."

Ọ̀gá lọ lóòótọ́. Ó dúró níwájú obìnrin kan tó pọn ọmọ, ó ń kálòlò. Obìnrin náà wò ó látòkè délẹ̀, ó pòṣé, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Aṣọ́nà rò pé inú òun á rọ̀. Kò rọ̀. Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó sì ń gbá bọ́tìnnì rẹ̀ bí ẹni ń na ọ̀tá.